Bí Káàdì Bá Dorí Kodò, Ta Ló Dorí Rẹ̀ Kodò?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dún bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tí kò tíì bá a pàdé rí. Ọ̀rọ̀ káàdì tarot ni, pàápàá káàdì tó bá dorí kodò nígbà tí wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, láti Àkùngbá dé Ẹ̀pìnmì, ibikíbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé ni àwọn awoṣẹ́ orí fóònù dé. Ọmọ á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mọ́kànlá alẹ́, á tẹ fóònù, ẹni tí kò mọ̀ rí á ṣí káàdì mẹ́ta, ọ̀kan á dorí kodò, oorun á sì dá lójú ọmọ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibi tí a dúró sí nìyí, kí a má baà fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò sí ohun kan nínú káàdì tó dorí kodò tó sọ pé ibi ni. Èèyàn ló ṣe òfin náà, a mọ ìgbà tó ṣe é, a sì mọ̀ pé òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ka káàdì lónìí. Nítorí náà, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gbé owó ilé ìwé, ìfẹ́, tàbí ìlera rẹ̀ lé e lórí. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó dojú dé láì dẹ́rù ba ẹni tó wá béèrè, ilé wa ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí jáde

Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní ọdún kẹta. Ọmọ Ẹ̀pìnmì ni, ó ní kárí-ofà kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó lọ sílé fún ìsinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnì kan tó ń ka káàdì lórí fóònù. Káàdì tó jáde fún un ni Owó Mẹ́jọ, ó sì dorí kodò.

Nínú àwòrán káàdì yẹn, ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mú òòlù lọ́wọ́, ó ń gbẹ́ àmì sára owó roboto kan. Àwọn tó ti parí wà lára òpó níwájú rẹ̀, ó tò wọ́n léra wọn. Àwòrán ọmọ iṣẹ́ ni, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó dorí kodò, ẹni tó kà á ní iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa ń ṣe kò ní so èso, kí ó yéé fi agbára ṣòfò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dárúkọ iye tí ọ̀rẹ́ wa yóò san kí wọ́n lè bá a yí orí káàdì náà padà sókè. Iye náà kò jìnnà sí èyí tó kù nínú owó ilé ìwé rẹ̀.

Ó bi wá léèrè pé ṣé kí òun san án, àbí kí òun kúkú pa kọ́ọ̀sì náà tì. A kò fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ á mọ́ sí ni. Ohun tí a ṣe ni pé a jókòó, a wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ ìdorí kodò yìí ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí a rí ni a fẹ́ fi hàn yín.

Káàdì eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀

Káàdì tarot jẹ́ 78. Àwọn ńlá jẹ́ 22, àwọn kékeré jẹ́ 56. Àwọn 56 yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n: ọ̀pá, ife, idà àti owó roboto. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 14, láti orí kìíní títí dé ìkẹwàá, lẹ́yìn náà ọmọ ọ̀dọ̀ ọba, jagunjagun orí ẹṣin, ayaba àti ọba. Ẹni tó bá ti rí àwọn bàbá wa níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì lábẹ́ igi yóò sọ pé wọ́n jọ ara wọn, òótọ́ ni. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ilẹ̀ Ítálì ni tarot ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1440, eré ni wọ́n sì fi ń ṣe ní ààfin àwọn ìjòyè bíi ti Milan àti Ferrara. Nínú eré, kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdorí kodò. Bí káàdì bá dorí kodò lọ́wọ́ rẹ, wàá yí i padà, eré á máa lọ. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe káàdì eré lásán tilẹ̀ ya orí sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti yí i.

Ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn tí tarot bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yí padà. Ní 1770, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Jean-Baptiste Alliette tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń fi káàdì woṣẹ́. Káàdì eré lásán, 32, ló lò, ó sì fi ọ̀kan kún un. Nínú ìwé yẹn ló ti fún káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan fún ìgbà tó bá dúró, ọ̀kan fún ìgbà tó bá dorí kodò. Orúkọ tí ọkùnrin náà fi sórí ìwé rẹ̀ ni Etteilla. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, Alliette ni ẹ ó rí. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní kíka káàdì tó dorí kodò, orúkọ ara rẹ̀ pàápàá ló yí sẹ́yìn.

Ní 1781, ọmọ Faransé mìíràn, Antoine Court de Gébelin, kọ̀wé pé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ni tarot. Ẹnikẹ́ni kò tíì lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ nígbà náà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè já a nírọ́. Ní 1822 ni Jean-François Champollion rí ọ̀nà àtikà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti kà á láti ìgbà náà, wọn kò rí tarot níbẹ̀. Títí di òní olónìí, a ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Íjíbítì yìí lẹ́nu àwọn tó ń ta káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn káàdì òde òní, ilé ìtẹ̀wé William Rider ní London ló gbé e jáde ní 1909. Arthur Edward Waite ló ṣètò rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Pamela Colman Smith ló sì ya àwọn àwòrán rẹ̀. Obìnrin yìí lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Jàmáíkà. Ní 1899, ó ti tẹ ìwé àlọ́ Annancy jáde, ìyẹn aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá Gánà gbé lọ sí òkèèrè, tó rí lọ́dọ̀ wọn bí Ìjàpá ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ṣáájú Pamela, òǹkà lásán ló sábà máa ń wà lára káàdì kékeré: idà mẹ́wàá, ife mẹ́ta. Òun ló ya ìtàn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ́kùnrin tó mú òòlù lọ́wọ́, tó da oorun ọ̀rẹ́ wa rú yẹn, ọwọ́ ẹni tó mọ àlọ́ àwọn ará Afíríkà ló ti wá.

Òfin kan kò sí

Waite kọ ìtumọ̀ káàdì sílẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀, ó sì kọ ti ìdorí kodò mọ́ ọn. A wo mẹ́rin nínú àwọn káàdì kékeré náà.

Idà Mẹ́wàá ni àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀, idà mẹ́wàá gún un lẹ́yìn. Kò sí káàdì tó burú lójú tó o. Bó bá dorí kodò, Waite ní èrè ni, àṣeyọrí ni, ojúrere ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní pẹ́ lọ títí.

Ìkejì ni Ọ̀pá Mẹ́rin. Òdòdó wà lára ọ̀pá mẹ́rin, àwọn èèyàn ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dorí kodò, Waite ní ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ìkẹta ni Owó Márùn-ún. Àwọn alágbe méjì ń rìn nínú yìnyín, wọ́n ń kọjá lábẹ́ fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Ìṣòro owó ni. Bó bá dorí kodò, Waite ní ìdàrúdàpọ̀ àti ìparun ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka káàdì lónìí ní rárá o, bó bá dorí kodò, ìṣòro ti fẹ́ parí nìyẹn, ilẹ̀kùn ti fẹ́ ṣí. Káàdì kan náà, ipò kan náà, ọ̀kan ní o ṣègbé, èkejì ní o là.

Ìkẹrin ni Owó Mẹ́jọ ti ọ̀rẹ́ wa. Bó bá dorí kodò, ohun tí Waite kọ ni ìlépa tó di òfo, ìgbéraga, ojúkòkòrò, fífi owó èlé ni ọmọnìkejì lára. Ó tún fi kún un pé ó lè jẹ́ ẹni tó ní ọgbọ́n iṣẹ́ lọ́wọ́ àmọ́ tó ń fi í ṣe àrékérekè. Ẹ wá wò ó. Bí a bá ní kí a tẹ̀ lé ìwé, ta ni ojúkòkòrò àti àrékérekè yẹn bá mu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ tó ń làkàkà kọ́ kọ́ọ̀sì rẹ̀, àbí ẹni tó ní kí ó kó owó ilé ìwé wá?

Lónìí, a rí i pé ó kéré tán ọ̀nà márùn-ún ni àwọn tó ń ka káàdì ń gbà ka ìdorí kodò. Àwọn kan ní òdìkejì ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ìtumọ̀ náà ṣì wà, ó kàn ń falẹ̀ ni tàbí kò lágbára. Àwọn kan ní ó ti kúrò lóde, ó ti wọnú ọkàn lọ. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ ní àpọ̀jù. Àwọn kan kò tilẹ̀ kà á sí. Bó bá dorí kodò, wọ́n á yí i padà bí àwọn ará Ítálì àtijọ́ ti ń ṣe. A kò bá wọn jà. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹni tó fẹ́ ka káàdì fún èèyàn sọ èyí tí yóò lò kí ó tó po káàdì. Bó bá dúró di ìgbà tí káàdì ti jáde kó tó mú ọ̀kan nínú márùn-ún, kò sí ohun tí kò lè sọ. Ẹni tó lè sọ ohun gbogbo kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó

Bí káàdì bá jáde tuntun nínú páálí, ibì kan náà ni gbogbo orí rẹ̀ kọjú sí. Bí èèyàn bá ń po ó láì yí apá kan rẹ̀, ẹyọ kan kò ní dorí kodò títí ayé. Ọwọ́ tó ń po ó ló ń mú kí wọ́n dorí kodò. Nínú fóònù, ẹni tó kọ ètò náà ló pinnu iye ìgbà tí yóò máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé wọ́n po ó dáadáa, tí káàdì kọ̀ọ̀kan fi ní ìdajì àǹfààní láti dúró, ìdajì láti dorí kodò. Bí wọ́n bá ṣí mẹ́ta fún ọ, àǹfààní pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dúró jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé nínú ẹni mẹ́jọ tó bá wá, méje ni yóò rí ó kéré tán ẹyọ kan tó dorí kodò. Bí wọ́n bá ṣí mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe, ẹnì kan péré nínú 1,024 ni kò ní rí i. Tí ẹnì kan bá wá sọ pé gbogbo káàdì tó dorí kodò ló nílò àtúnṣe, tí àtúnṣe náà sì lówó nínú, ọjà tí kò lè kùtà ló ń tà yẹn. Oníbàárà kò ní tán lọ́wọ́ rẹ̀ láé.

Bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó dojú dé nílé wa

Àwọn bàbá wa náà ń fi ohun tó ń ṣí àti ohun tó ń dojú dé wádìí ọ̀rọ̀. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Awẹ́ mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí inú awẹ́ bá ṣí sókè, ẹyọ kan ni. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà lókè, méjì ni. Bí mẹ́jọ bá ṣe ṣubú ni odù ṣe ń hù, odù tó lè hù sì jẹ́ 256. Bí gbogbo awẹ́ bá ṣí, Èjì Ogbè ni. Bí gbogbo wọn bá dojú dé, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Ọ̀yẹ̀kú Méjì kì í ṣe Èjì Ogbè tó dorí kodò. Odù ni, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òun ló tẹ̀ lé Èjì Ogbè nípò, ó ní àwọn ẹsẹ tirẹ̀, ó ní ire tirẹ̀, ó ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Kò sí babaláwo kan tó mọṣẹ́ tí yóò rí i pé awẹ́ dojú dé kí ó sì pariwo pé ayé oníbàárà òun ti bàjẹ́. Lẹ́yìn tí odù bá hù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń dìbò láti mọ̀ bóyá ire ló bá wá tàbí ibi. Owó ẹyọ àti eegun wà lára ohun tí wọ́n fi ń dìbò, ọwọ́ ẹni tó wá béèrè ni wọ́n sì máa ń fi wọ́n sí. Èjì Ogbè lè bá ibi wá. Ọ̀yẹ̀kú Méjì lè bá ire wá. Ìrísí ohun tó wà nílẹ̀ lọ́tọ̀, ire tàbí ibi tó bá a wá lọ́tọ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ibi, wọ́n á béèrè irú ibi tó jẹ́, bóyá àrùn ni tàbí òfò tàbí ìjà, wọ́n á sì sọ ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀rọ̀ kì í parí síbi ìbẹ̀rù.

Ohun kejì tún wà. Ní àṣà àtijọ́, ẹni tó wá dá Ifá kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sára owó, á fi owó náà sílẹ̀. Babaláwo á máa kì, oníbàárà á máa gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì mọ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ òun mu. Ẹ fi wé ẹni orí fóònù tó kọ́kọ́ ní kí o kọ orúkọ rẹ, ọjọ́ orí rẹ, ìṣòro rẹ àti iye tó wà lọ́wọ́ rẹ ránṣẹ́ kí ó tó ṣí káàdì.

Ẹ wo obì àbàtà náà. Awẹ́ mẹ́rin ló ní. Bí wọ́n bá dà á, tí méjì ṣí, tí méjì dojú dé, inú àwọn àgbà á dùn, wọ́n á ní obì yàn. Ìdajì ohun tó wà nílẹ̀ ló dojú dé o, síbẹ̀ ire ni. Lójú àwọn tó fi obì lé wa lọ́wọ́, pé nǹkan kan ṣí tí nǹkan kan dé, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí pé kí gbogbo káàdì òun dúró ṣánṣán lẹ́ẹ̀kan náà ń retí ohun tí ayé kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí irú ọgbọ́n báyìí ni àjọ UNESCO ṣe kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àṣà tó ṣe iyebíye fún gbogbo ọmọ aráyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá àti William Bascom, òyìnbó Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé lórí rẹ̀. Ìwé wọn sàn láti kà lóru ju fídíò ẹni tí kò mọ̀ ọ́ lọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a ń polówó Ifá. Rárá o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, a kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ dá Ifá. A sì mọ̀ pé ayédèrú babaláwo wà, bí ayédèrú wòlíì àti ayédèrú aáfà ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rù gba owó lọ́wọ́ èèyàn lè fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbà á, ó lè fi káàdì gbà á. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlànà wà nílé wa tó ya ìrísí kúrò lára ìdájọ́. Ìlànà yẹn ni a lè mú lò, ẹ̀sìn yòówù kí a máa ṣe.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé tarot kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, pé ó ń ran àwọn lọ́wọ́ láti ronú. A gbà. Bí èèyàn bá ṣí Owó Mẹ́jọ tó dorí kodò, tó sì bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé mò ń ṣe iṣẹ́ mi bó ti yẹ? Ṣé ọ̀nà tí mò ń gbà kàwé yìí dára?" ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìbéèrè bá di ìdájọ́, tí ìdájọ́ sì di owó.

Èdè ta ni wọ́n fi ń kà á?

Àwa ọmọ Àkókó ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yé jù. Ẹni tó bá ti ná ọjà Ìkàrẹ́ rí mọ̀ pé èdè púpọ̀ ló ń rìn lágbègbè wa. Èdè ìlú Ẹ̀pìnmì bá èdè Ẹdó tan. Ní Auga, Ukaan ni wọ́n ń sọ. Ní Ikaram, Akpes ni. Àwọn ará Arigidi ní tiwọn. Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwọn. Bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu èèyàn nínú ọjà yẹn, o kò ní tìtorí pé ó jọ èébú ní èdè tìrẹ kí o gbá a létí. Wàá kọ́kọ́ béèrè ìlú tó ti wá. Ohun tó jẹ́ èébú níhìn-ín lè jẹ́ ìkíni ní máìlì mẹ́wàá sí ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni káàdì tó dorí kodò. Ohùn kan ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ó wà nínú èdè ẹni tó ń kà á. Tí a kò bá mọ èdè tí ó ń sọ, tí a kò sì mọ ẹni tó kọ́ ọ, kí ló dé tí a fi ń sunkún? Ẹ tún wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà. Ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á ní ìgòkè ni, ẹni tó ń ti òkè bọ̀ á ní ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni. Ibi tí o dúró sí ló yàtọ̀.

Ohun tí a ní kí ẹ ṣe

Àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ka káàdì fún yín, ẹ béèrè òfin rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni yóò sọ bí káàdì bá dorí kodò? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dìde.

Ìkejì, ẹ má ṣe san owó láti yí orí káàdì padà. Páálí ni káàdì. Ọwọ́ yín lè yí i, ọ̀fẹ́ ni.

Ìkẹta, fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti wò, kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tìẹ nìkan. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dÍfá ọrọọrún. Bí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá bá ń padà lọ béèrè lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, báwo ni káàdì kan ṣe fẹ́ pinnu gbogbo ọdún mẹ́rin tí a ó lò ní yunifásítì?

Ìkẹrin, ẹ gbé ìṣòro lọ síbi tí ìṣòro náà wà. Kárí-ofà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń ṣe kòkáárí ẹ̀kọ́ yín ló kàn. Àìsàn, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ọkàn bá ń dààmú tí oorun kò wá, ẹ wá ẹni tó gbọ́n tó sì lójú àánú, ẹ sọ ọ́ jáde. Ọ̀rẹ́ wa lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ wo ìwé ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń sá fún láti ọdún tó kọjá. Ó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà, ó sì ń ka ibi tí ó ń sá fún yẹn báyìí. Èsì kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé rẹ̀ wọ àpò ilé ìwé.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ má kàn máa bú wa pé a ti ń bá ayé òyìnbó lọ. Ẹ̀rù iṣẹ́, ẹ̀rù owó, ẹ̀rù ọ̀la ló ń lé àwọn àbúrò yín lọ sídìí káàdì. Bí ẹ bá ń gbé fóònù yín nígbà tí a bá pè, bí ẹ bá ń sọ fún wa bí ẹ̀yin náà ṣe la kárí-ofà tiyín já, àwọn awoṣẹ́ orí fóònù á wá oníbàárà wọn síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn ju báyìí lọ. Ní èdè wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ "orí" ṣeré; orí ni àwọn àgbà ní ó ń bá èèyàn yan ọ̀nà. Tí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé nǹkan yín dorí kodò, ẹ rántí pé orí káàdì ni ó ń sọ. Kí ẹ bi í léèrè pé ọwọ́ ta ló yí i.